Èmi Ni Mo Yàn Án

"Èyí tó lágbára jù ni kí ẹ gbé wá," ni obìnrin náà wí. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ìdì kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbá mọ́ gíláàsì orí káńtà mi, gbá, gbá, gbá, bí ẹni pé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

"Gíláàsì nìyẹn o, ọ̀gá mi," mo ní. "Tó bá fọ́, tiyín ni."

Ó dáwọ́ dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Ojú ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́ ní Oníkọ́kọ́rọ́ nínú ọkàn mi. Mi ò mọ̀ nígbà náà bí orúkọ ọ̀hún yóò ṣe bá a mu tó.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá ọmọ dúró sí, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ó gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lé èjìká, ó ń rọra gbá a nídìí. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, kò sí èyí tó wà lójú ihò tirẹ̀. Bí gbogbo abiyamọ tuntun ṣe ń rí nìyẹn. Tí ẹ bá rí abiyamọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí bọ́tìnnì rẹ̀ tò dáadáa, ẹ wádìí rẹ̀ wò.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ta ọjà ọlọ́mọ lọ́ọ̀ọ́kán ilé ìwòsàn àwọn aboyún. Ìlédìí, fídà, ọṣẹ, ibùsùn ìkókó, ohun gbogbo. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Mo ti rí aboyún tó ń parọ́ oṣù. Mo ti rí bàbá ìkókó tó ń ná ọjà lórí fóònù nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lókè. Kò sí ohun tí ojú yìí ò tíì rí, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ara mi títí dòní: ojú mi rí tọjọ́ náà, ẹnu mi ni kò sọ ọ́.

Pọ́ǹpù ni wọ́n wá rà, èyí tí wọ́n fi ń fún ọmú pamọ́ tí ìyá ò bá sí nítòsí ọmọ. Oríṣi mẹ́ta ni mo ní lórí pẹpẹ. Àkọ́kọ́ ni ọlọ́wọ́: kò gba iná, ọwọ́ lásán lèèyàn á máa fi tẹ̀ ẹ́. Ìkejì ń lo bátìrì, ọmú kan ló ń fún lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹta ni bàbá wọn: ọmú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná ló ń lò, bọ́tìnnì mẹ́sàn-án ló wà lójú rẹ̀, tó bá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á máa dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí ikọ́ ń ṣe.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi gbogbo oníbàárà kí n tó gbé ohunkóhun sílẹ̀. "Ìyá ọmọ, wákàtí mélòó lo máa fi jìnnà sí i lójúmọ́?"

"Wákàtí mẹ́jọ ni, ma. Ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ní àwọn á máa bá mi tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án. Tí mo bá ti dé nírọ̀lẹ́, èmi fúnra mi ni màá fún un lọ́mú." Ó ti na ọwọ́ mú ọlọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dún fìn-ín, fìn-ín. Ọmọ la ojú kan, ó tún un pa dé. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó ń dún bíi bàtà tómi wọ̀. Ìyá, eléyìí á tó mi."

Òótọ́ ló sọ. Á tó o, á sì ṣẹ́kù.

"Ìyàwó wa," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "má jẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́wọ́? Ṣé ẹ̀kán-ẹ̀kán ni ọmọ àbúrò mi á máa mu ni? Ẹ fún un ní èyí tó lè fún tọjọ́ márùn-ún pọ̀."

"Ọjọ́ márùn-ún kẹ̀, Àǹtí?"

"Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀nà ilé mi jìn. Òjò lè rọ̀, ọkọ̀ lè má sí. Ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tá a fi ń ṣe 'bóyá'."

Ìyá ọmọ wá yíjú sí mi. Ó ń wo ẹnu mi. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà rèé, ọmọ tuntun rèé, èmi sì lágbà tó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé obìnrin tó ń lọ láàárọ̀ tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ò ní nǹkan kan í fi ẹ̀rọ ọlọ́mú-méjì ṣe. Mo ti sọ ọ́ fún èèyàn tí mi ò lè kà. Ṣùgbọ́n oṣù keje nìyẹn tí bàbá wọn ti wà lórí pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, eruku ti ń kọ orúkọ sí i lára. Mo bá la ẹnu mi yìí.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ mà fẹ́ràn rẹ o, ìyá ọmọ. Ta ló ń ra irú èyí fún ìyàwó ilé lóde òní? Gbà á, kó o dúpẹ́."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Bí mo ṣe ń nu eruku ni Oníkọ́kọ́rọ́ ń ròyìn. Ó ní àbúrò òun ni bàbá ọmọ, òṣìṣẹ́ iná mànàmáná. Orí òpó ni iná ti gbé e, ó ku oṣù méjì kí wọ́n bí èyí. "Ilé yàrá mẹ́ta ló kọ́ sílẹ̀," ló ní. "Ẹ wo ìwà àbúrò mi. Oyún ò tíì yọ tó ti lọ kọ ọ́ sínú ìwé ilé pé ọmọ inú ló ni ín. Kò kọ tèmi, kò kọ tìyàwó. Ọmọ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka kan ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Opó náà tẹrí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Mo gbọ́ "ilé", mo gbọ́ "ọmọ". Ẹni tó bá gbé ọmọ náà dání ló gbé ilé dání, kò dìgbà téèyàn bá di lọ́yà kó tó mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n níbi tí mo dúró sí, àkísà eruku lọ́wọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ọjà tó bá ti kan ara, a kì í gbà á padà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Nígbà kan rí, ìyá kan lo pọ́ǹpù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dá a padà fún mi tòun ti omi ọmú nínú rọ́bà rẹ̀, ó ní ọkọ òun ló yàn án, kì í ṣe òun. Ó pariwo títí àwọn nọ́ọ̀sì fi sáré wá láti ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ra pọ́ǹpù lọ́wọ́ mi á kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì pé "Èmi ni mo yàn án", á sì buwọ́ lù ú. Mo ti ń ṣe é tipẹ́, mo sì rò pé mo gbọ́n.

"Ta ni ká jẹ́ kó kọ ọ́?" mo bi wọ́n.

"Èmi ni mo sanwó," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí, "ṣùgbọ́n òun ló lọ́mú. Kó kọ ọ́."

A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ òsì di ọmọ mú, ó fi ọ̀tún kọ ọ́: Èmi ni mo yàn án. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà, ó gún régé bí ojú ìránṣọ.

Mo wá gbé ọ̀rá síta, àwọn ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n máa ń rọ omi ọmú sí kí wọ́n tó gbé e sí fìrísà, mo sì kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ gbogbo wọn. "Kó o tó rọ ọ́ sínú rẹ̀, kọ déètì àti aago sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé tìjẹta fún ọmọ, kó ní tòní ni. Má fo ìkankan o. Ọ̀rá tí ò bá ní déètì, dà á nù."

Oníkọ́kọ́rọ́ sún mọ́ káńtà. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dákẹ́. "Aago pẹ̀lú?"

"Aago pẹ̀lú, ọ̀gá mi."

"Ìyá, ẹ ṣeun," ló ní. "Ìyẹn dáa gan-an ni."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, opó náà wá ra ọ̀rá sí i. Òun nìkan ló wá. Mo bi í léèrè ìkókó.

"Ọ̀dọ̀ Àǹtí ló ń sùn báyìí, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Wọ́n ní gbígbé e lọ gbígbé e bọ̀ ń dá a lágara. Ṣé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò máa jà fún ìjókòó nínú ọkọ̀?" Ohùn Àǹtí rẹ̀ ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá, ẹ̀rọ yín yẹn ń ṣiṣẹ́ o. Ọ̀rá márùn-ún lóòjọ́!"

Ó ní yàrá tí wọ́n ń kó páálí bọ́tìnnì àti ọ̀wú sí ni òun ti ń fún un níbi iṣẹ́. Kò sí ìjókòó, orí páálí ni. Ọ̀gá tó ń mójú tó wọn a máa gbá ilẹ̀kùn, a ní, "Màlúù, ṣé o ti ṣe tán?" Gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Mo bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mú ọ̀rá kan jáde nínú kúlà tó gbé dání, kí n lè rí i pé òun ò gbàgbé ẹ̀kọ́ mi. Déètì wà níbẹ̀. Aago wà níbẹ̀. Lábẹ́ wọn, ní lẹ́tà wínníwínní, ó kọ ọ́ pé: Ọkọ mi, yó o.

"Ta ló máa ka èyí fún ìkókó?" mo ní.

"Kò sí. Mo kàn ń kọ ọ́ ni."

Nígbà tó tún dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun lọ gbé ọmọ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní ó ń sùn. Òun jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Wọ́n ní ọmọ ń wẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ní ibà díẹ̀, kí òun má kó àrùn láti ibi iṣẹ́ ràn án. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì na ọwọ́ gba kúlà láti àlàfo irin, ó kó ọ̀rá sínú ike kan, ó dá kúlà padà, ó sì ti àlàfo náà pa.

"Inú ilé ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀," ló ní. "Ó ń sunkún. Ìyá, bí mo ṣe gbọ́ ohùn ẹ̀ báyìí, gbogbo iwájú ẹ̀wù mi tutù. Níbi tí mo jókòó sí. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí."

"O ò fọ́ géètì yẹn?" Inú bí mi débi pé mo fi ọwọ́ gbá káńtà. "O ò pariwo kí gbogbo àdúgbò tú síta? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́! Ọmọ rẹ ni, ọmọ rẹ!"

"Tí mo bá pariwo, wọ́n á ní orí mi ti dàrú, wọn ò ní gba omi ọmú mọ́. Ṣé ẹ rí i? Tí wọ́n bá ṣì ń gbà á, ó túmọ̀ sí pé ó ń mu ún. Ohun tèmi tó kù lára ẹ̀ nìyẹn."

Kí ni mo ṣe? Mo ta páálí ọ̀rá méjì fún un.

Bó ṣe pé bí ọgọ́ta ọjọ́ tí ọmọ ti wà lọ́dọ̀ Àǹtí, ó lọ gbé ẹjọ́ náà fún ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ. Ó ti rò ó tán lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì dá a lójú. "Ẹ̀yin lẹ ta pọ́ǹpù fún mi. Ẹ mọ̀ pé torí kí ọmọ mi lè máa mu ọmú ni. Mo ní rìsíìtì. Tí wọ́n bá rí rìsíìtì, tí wọ́n bá gbọ́ tẹnu yín, ta ló máa sọ pé mi ò fẹ́ ọmọ mi?" Èmi náà ronú ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó sì dá mi lójú bíi tirẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo wọ bàtà mi tó dáa. Àwa méjèèjì, a fi ọwọ́ ara wa gbé ẹ̀rí lọ bá wọn.

Yàrá kan tó kún fún fáìlì ni. Akọ̀wé kan jókòó sídìí tábìlì, fáànù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ojú akọ̀wé nìkan ló sì kọ sí. Oníkọ́kọ́rọ́ ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ó gbé ọmọ lé orúnkún, ọmọ tóbi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun fún un. Kúlà ńlá kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ní, "Àǹtí, ṣé atẹ́gùn ń kàn yín?" Ó wá wo àwa. "Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn."

Opó náà ò gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó na ọwọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ ná."

Opó náà gbé rìsíìtì kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, kò gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n wò ó, òun ra pọ́ǹpù, òun ń fún ọmú lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan, nínú yàrá bọ́tìnnì, orí páálí, kí ọmọ òun má bàa mu ohun mìíràn. Ó ní òun fẹ́ gbé ọmọ òun lọ sílé. Akọ̀wé yí rìsíìtì padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀.

"'Èmi ni mo yàn án.' Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Àǹtí, ẹ ní ẹ ní nǹkan í fi hàn."

Oníkọ́kọ́rọ́ ṣí kúlà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀rá ni. Gbogbo ọ̀rá tí mo tà. Wọ́n dì gbagidi nínú yìnyín, ìkankan ò ṣí. Ó ń kó wọn sórí tábìlì ní méjìméjì, ó ń tò ó láti orí déètì àkọ́kọ́, bí ẹni tó ń to ìwé, ó lé ní igba. Ọkọ mi, yó o. Ọkọ mi, yó o. Ọkọ mi, yó o. Gbogbo rẹ̀ kọjú sí òkè.

Opó náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Akọ̀wé mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò nu yìnyín ara rẹ̀, ó kà á sókè. "Ọjọ́ kẹta, aago mẹ́fà àárọ̀. Ọjọ́ kẹta, aago mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹta, aago méjì ọ̀sán. Ọjọ́ kẹrin, aago mẹ́fà." Kò ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. "Ta ló kọ àwọn aago wọ̀nyí?"

"Èmi ni, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kẹta, níbo ni ọmọ wà?"

"Ọ̀dọ̀ Àǹtí."

"Aago mẹ́wàá?"

"Ọ̀dọ̀ Àǹtí, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

Akọ̀wé ń bá a lọ, ọ̀rá lẹ́yìn ọ̀rá, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà ṣe ṣòótọ́ tó ni ẹ̀rí ṣe pọ̀ tó. Ká ní ọ̀lẹ ni, ká ní ó fo ọjọ́ kan, ká ní ó gbàgbé aago lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bíi tàwọn yòókù, wọn ì bá má rí nǹkan kà. Èmi ni mo sọ fún un pé kó má fo ìkankan.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ tà á?" Èmi ló ń bi.

"Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, obìnrin yìí ló ní..."

"Ohun tí mo bá bi yín ni kí ẹ dáhùn. Ṣé ojú yín ló ṣe kọ ọ́ pé òun ló yàn án?"

"Ojú mi ni."

"Ṣé ẹnikẹ́ni dì í lọ́wọ́ mú?"

"Kò sẹ́ni tó dì í lọ́wọ́ mú, àmọ́ ọlọ́wọ́ ló kọ́kọ́ mú! Ọlọ́wọ́ ló fẹ́! Ilé ló fẹ́ máa bọ̀ nírọ̀lẹ́!"

"Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ìmọ̀ràn wo lẹ fún un?"

Oníkọ́kọ́rọ́ ló bá mi dáhùn, pẹ̀lú ohùn oyin rẹ̀. "Màmá ní kó gbà á, kó dúpẹ́. Màmá ló tún kọ́ ọ láti máa kọ aago. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́."

"Ẹ bi í pé kí ló dé tó ṣì fi wà nínú ọ̀rá!" Mo ti ń kígbe, ìtìjú ti bọ́ lójú mi. "Ó gbà á lẹ́nu géètì fún ọgọ́ta ọjọ́! Ọmọ wo ló mu ún? Ẹ bi í!"

"Inú ọmọ ò gbà á," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí. "Bó bá ti mu ún báyìí, á bì. Mílíìkì inú agolo ló bá a lára mu. Ẹ ṣá wò ó."

Akọ̀wé wo ọmọ. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa, kò pariwo, kò bínú, bí ẹni tó ń ka àkókò ọkọ̀ fún èrò. Ọmọ tó bá ti lo ọgọ́ta ọjọ́ lọ́dọ̀ ẹbí, tó sì ń ṣe dáadáa, wọn kì í kàn ṣí i nípò. Ní oṣù mẹ́ta sí i, kí gbogbo wa padà wá. Títí dìgbà náà, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ni yóò máa tọ́jú ohun tó jẹ́ tọmọ.

"Ilé náà ńkọ́?" ni opó náà bi í.

"Mo ní ohun tó jẹ́ tọmọ."

Ìgbà náà ni ọmọ bú sẹ́kún. Oníkọ́kọ́rọ́ ń wá fídà nínú báàgì, kò tètè rí i, kọ́kọ́rọ́ ń dún gbàlàgbàlà. Ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i, omi ọmú ti ń tàn kálẹ̀ ní iwájú ẹ̀wù rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Akọ̀wé wojú fáànù. Ó ti páálí tíṣù síwájú láìwo ẹnì kankan.

Yìnyín ti ń yọ́. Omi ń ṣàn lọ sábẹ́ fáìlì.

"Ẹ kó nǹkan yìí kúrò, ó ń ba ìwé jẹ́," ni akọ̀wé wí. "Ẹ mú mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹ̀rí. Ẹ da ìyókù nù."

Opó náà fẹ́ kó wọn sínú ẹ̀wù rẹ̀. Mo di í lọ́wọ́ mú. Ọjọ́ yẹn lẹnìkan dì í lọ́wọ́ mú, èmi ni. Mo ní, "Ọmọ mi, ó ti yọ́. Kò wúlò mọ́." Ẹ gbọ́ mi? Títí dé ibẹ̀, mo ṣì ń kọ́ ọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Oníkọ́kọ́rọ́ fi pààrọ̀ àgádágodo ilé yàrá mẹ́ta. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ránṣọ fún opó náà ní igun kan nínú yàrá tirẹ̀. Èmi pàápàá rò pé mi ò ní rí i mọ́. Mo ti ya ìkìlọ̀ ara ògiri mi kúrò. Mi ò gba ìbuwọ́lù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹ̀rọ padà, kó dá a padà, tòun ti omi ọmú inú rọ́bà. Mo lọ bá lọ́yà kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó bi mí léèrè bóyá èmi ni ìyá tó bí i. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá kàn mí.

Ní ọ̀sán Túsìdè kan, opó náà wọlé. Ó ti gbẹ sí i. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tò dáadáa, kò sí ìkankan tó ṣì ihò. Ó gbé báàgì pọ́ǹpù dání. Mo dìde fìrì, mo ní màá gbà á, màá dá gbogbo owó rẹ̀ padà.

"Mi ò dá a padà," ló ní. "Ọ̀rá ni mo wá rà."

"Ọ̀rá kẹ̀? Ta lo ń fún un fún?"

"Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá. Tí mo bá dákẹ́, á gbẹ. Tí wọ́n bá wá gbé e fún mi ńkọ́? Kí ni màá fún un?" Ó na ọwọ́ sí páálí ọ̀rá, ó gbé e sáyà. Ó wo báírò tí mo so mọ́ káńtà pẹ̀lú okùn, èyí tí gbogbo wọn fi ń buwọ́ lu rìsíìtì tẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé tí kò fẹ́ kùnà lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, ṣé kí n ṣì máa kọ aago sí i?"

Ọdún kọkàndínlógún ni mo ti ń dá abiyamọ lóhùn nídìí káńtà yìí. Mo wò ó. Mi ò rí nǹkan kan sọ.